Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Dì: Ọ̀ràn Oró Ejò ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Nígbàkúùgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ sì ti dẹ̀ tó ohun tí ọkọ́ lè wọ̀, àwọn àgbẹ̀ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù a gbé irin iṣẹ́ wọn, wọn a sì kọrí sí oko. Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tò tẹ̀léra lójú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Agbègbè wọn ni igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn. Ilẹ̀ náà gba kòkó, ó gba iṣu, ó gba àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ bá wà ni eku ń lọ, ibi tí eku bá sì lọ ni ejò ń tẹ̀lé e dé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ejò kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ fún àwọn ènìyàn wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

A fẹ́ kí ohun tí a ń sọ lónìí yé tọmọdé tàgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ejò tí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, wákàtí tí a fi ṣòfò lẹ́yìn tí ejò ti ṣán ni ni ó ń pa ènìyàn ju eyín ejò fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ti mọ ohun tí oró ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà tí a fi lè dá a mọ̀ ti wà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Oògùn rẹ̀ pẹ̀lú ti wà. Ohun tí ó kù ni pé kí ìmọ̀, àyẹ̀wò àti oògùn pàdé ara wọn ní ìtòsí ibi tí àgbẹ̀ gbé ń ṣiṣẹ́. Ojúṣe ìjọba ni èyí, ojúṣe àwa ará ìlú sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àdá bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a dì, ojú ọgbẹ́ a sì padé. Ìdí tí ó fi ń dì ni pé àwọn èròjà kan wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní purotéènì. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ prothrombin, òmíràn ń jẹ́ fibrinogen. Bí ara bá gbọgbẹ́, àṣẹ a jáde, prothrombin a sì di thrombin. Thrombin yìí a gé díẹ̀ kúrò lára fibrinogen, a sọ ọ́ di òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n. Àwọ̀n yìí ni ó ń gbá ẹ̀jẹ̀ mú tí ó fi ń dì. Bí kò bá sí ọgbẹ́, àṣẹ kì í jáde. Prothrombin àti fibrinogen a máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, bí ọmọ ogun tí ó jókòó sí àgọ́ tí ó ń retí ìpè.

Oró ejò ńkọ́? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àdàlù ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà ni, purotéènì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan nínú purotéènì wọ̀nyí ni à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, èyíinì ni èròjà tí ń mú kí iṣẹ́ kan yá kánkán nínú ara, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ́ńsáìmù wà nínú ikùn wa tí ó ń bá wa da oúnjẹ. Ejò náà ní tirẹ̀, òun ni ó fi ń pa eku, òun ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran náà kí ó tó gbé e mì. Ìyọnu dé nígbà tí ohun tí ejò pèsè sílẹ̀ fún eku bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Èyí tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù ní Nàìjíríà ni oró ejò kékeré kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní carpet viper, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ sì ń jẹ́ Echis ocellatus. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀. Àgbègbè odò Benue, ìpínlẹ̀ Gombe àti ìpínlẹ̀ Plateau sì wà nínú ibi tí ó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Nínú oró ìdílé ejò yìí ni a ti rí ẹ́ńsáìmù kan tí a sọ ní ecarin. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ẹni tí ó jí ọ̀pá àṣẹ ọba gbé. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ogun, ṣùgbọ́n ó dé iwájú prothrombin, ó na ọ̀pá àṣẹ sí i, ó ní ọba ní kí ó jáde. Prothrombin jáde lóòótọ́, fibrinogen pẹ̀lú sì tẹ̀lé e. Wọ́n ń hun àwọ̀n níbi tí kò sí ihò tí a ó fi dí. Bí wọ́n ti ń hun ún ni ara ń tú u ká, nítorí pé ara kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan. Láàárín wákàtí mélòó kan, fibrinogen ti tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ dídì wá parí sí ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì mọ́.

Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn wà nínú oró kan náà tí ń jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi máa jò. Àwọn ará Ìkìrun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í gbọ́ ohun tí ogun jẹ́. Lẹ́bàá ìlú wọn ni ogun Jálumi ti jà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí a ti tan ọmọ ogun rẹ̀ jáde, tí ọ̀tá sì tún wá ń da odi rẹ̀ wó, ti bọ́ sínú ewu ńlá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ẹni tí irú oró yìí bá wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa jáde ní èrìgì, a máa bá ìtọ̀ jáde, a sì máa jáde láti ojú eyín ejò tí ó yẹ kí ó ti gbẹ. Bí ó bá jò sínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́run. Ẹlòmíràn wà tí kò ní í fi hàn ní ọjọ́ kìíní pé ewu wà, tí yóò máa sọ̀rọ̀, tí yóò sì jẹun, kí ó tó di pé ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé àwọn ará Òkè Ọya ni a kọ́kọ́ dárúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò kan ọmọ Yorùbá. Paramọ́lẹ̀ wà ní oko wa, ọká sì wà nínú igbó wa. Oró ìran àwọn ejò wọ̀nyí a máa ba ẹran ara jẹ́, a sì máa ba ètò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ejò dúdú tí ń tu oró sí ni lójú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sèbé, tún yàtọ̀: ẹran ara ni oró rẹ̀ ń sọ di jíjẹrà jù, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú náà bí a kò bá tètè fi omi púpọ̀ ṣan án. Àwọn ejò kan tún wà tí oró tiwọn kò bá ẹ̀jẹ̀ jà rárá. Èémí ni wọ́n ń dá dúró. Pẹ̀lúpẹ̀lù, orúkọ tí abúlé kan ń pe ejò kan lè yàtọ̀ sí èyí tí abúlé kejì ń pè é, ẹni tí ejò ṣán lóru kì í sì í sábà rí i. Nítorí náà, dókítà kò lè gbé ara lé orúkọ ejò nìkan. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni kí ó bi léèrè.

Ọ̀nà tí a fi ń bi ẹ̀jẹ̀ léèrè kò sì le. Ní Nàìjíríà gan-an ni ó ti kọ́kọ́ di mímọ̀. Dókítà David Warrell, tí ó ṣiṣẹ́ ní Zaria ní Yunifásítì Ahmadu Bello, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1977 nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa àwọn tí ejò Echis ṣán. A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, a ó dà á sínú ìgò gíláàsì kékeré tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, a ó gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà a ó dojú ìgò náà délẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, yóò lẹ̀ mọ́ ìgò. Bí ó bá dà jáde bí omi, ọmọ ogun ti tán ní àgọ́, oró sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò gba iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, kò gba ẹ̀rọ tí a kó wá láti ìlú òkèèrè. Ohun tí ó gba ni ìṣọ́ra: kí ìgò náà jẹ́ gíláàsì, nítorí pé ike kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì bí ó ti yẹ, kí ó má sì ṣe jẹ́ èyí tí a fi ọṣẹ fọ̀, nítorí pé ìyókù ọṣẹ lè dá dídì ẹ̀jẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì tí ó gbọ́n yóò sì da ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le sínú ìgò kejì, kí ó lè mọ̀ pé ìgò òun kò purọ́.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, kò túmọ̀ sí pé kò sí oró. Sèbé lè ṣán ènìyàn kí ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún sì dì dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ní wákàtí kìíní sì lè kọ̀ láti dì bí ó bá ṣe díẹ̀ sí i. Nítorí náà ni a fi ń tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà, tí a sì ń dá aláìsàn dúró ní ilé ìwòsàn fún odindi ọjọ́ kan ó kéré tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dì, ọ̀rọ̀ ti yé: aporó ni a nílò, kò sì sí àkókò láti máa jiyàn.

Aporó náà kì í ṣe ohun titun. Ní ọdún 1894 ni Albert Calmette ní ọ̀nà kan, àti Césaire Phisalix pẹ̀lú Gabriel Bertrand ní ọ̀nà kejì, fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé bí a bá fi oró díẹ̀díẹ̀ kọ́ ara ẹranko, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò pèsè ohun tí ń ká oró lápá kò. Títí di òní, lára ẹṣin tàbí àgùntàn ni a ti ń rí i. Aporó kì í fi fibrinogen titun kún ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ ayédèrú ìránṣẹ́ náà. Bí ó bá ti gbà á tán, ẹ̀dọ̀ tí kò fìgbà kan dẹ́kun iṣẹ́ yóò tún ọmọ ogun kó jọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé fífa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí aláìsàn lára kò tó fúnra rẹ̀. Bí oró bá ṣì wà níbẹ̀, yóò ná èyí tí a fà síni náà tán.

Ẹ̀rí èyí wà ní ilẹ̀ wa. Ní Kaltungo, ní ìpínlẹ̀ Gombe, a fi aporó méjì wéra lára 400 aláìsàn tí ejò Echis ṣán tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dì mọ́, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2010. Èkíní ni EchiTAbG tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Wales láti ara àgùntàn. Èkejì ni EchiTAb-Plus-ICP tí a ń ṣe ní Costa Rica láti ara ẹṣin. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí a lò, ó ju mẹ́ta nínú aláìsàn mẹ́rin lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti padà ń dì ní wákàtí 6 péré. Ẹ wo bí ìwòsàn ti yá tó, bí oògùn bá dé ọwọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀!

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún àwọn tí yóò ra oògùn fún agbègbè tiwa. EchiTAbG, oró Echis nìkan ni a fi ṣe é. Ti Costa Rica ni a fi oró ejò mẹ́ta ṣe: ti Echis, ti paramọ́lẹ̀ ńlá tí àwọn Òyìnbó ń pè ní puff adder, àti ti ejò dúdú tí ń tu oró. Aporó tí ó bá ejò kan mu lè máà ṣe nǹkan kan fún òmíràn. Bí a bá ra oògùn láìmọ irú ejò tí ń ṣán àwọn ènìyàn wa, a ti fi owó ra ìgò omi. Ẹ sì rántí pé ilé iṣẹ́ Sanofi Pasteur ti dẹ́kun ṣíṣe aporó Fav-Afrique, tí ó wúlò fún ejò mẹ́wàá ní Áfíríkà, ní ọdún 2014, èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sì lọ tán ní ọdún 2016. Olówó kò rí èrè nínú rẹ̀, ó sì pa ọjà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀mí ará ìlú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà òkèèrè láìṣètò, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a.

Ó dùn wá pé nígbà tí àgbẹ̀ ń kú nítorí oró, àwọn ẹlòmíràn ń fi oró kan náà wo ara wọn sàn. Ní ọdún 1934 ni Macfarlane àti Barnett ní London fi oró ejò ilẹ̀ Éṣíà kan dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára àwọn tí a bí pẹ̀lú àrùn ẹ̀jẹ̀ àìdì. Láti ara oró ejò ilẹ̀ Brazil ni ìmọ̀ ti wá tí a fi ṣe captopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Purotéènì kan nínú oró ìdílé Echis ni a wò ṣe àwòkọ́ṣe tirofiban tí a ń lò fún àwọn tí ọkàn ń dùn. Ecarin fúnra rẹ̀ sì ti di ohun èlò ní yàrá àyẹ̀wò, tí a fi ń wọn agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ wò. A kò bínú sí ìmọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Ohun tí a ń wí ni pé kò tọ́ kí ayé mọ oró náà dé ibi tí ó fi lè sọ ọ́ di oògùn, kí ẹni tí ejò ṣán ní oko Òkukù má sì rí oògùn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí a fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ènìyàn wa, bí ejò bá ṣán ni, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni kí a fi okùn di ẹsẹ̀ le dain-in, kí a sín gbẹ́rẹ́ yí ojú rẹ̀ ká, kí a fi ẹnu fa oró jáde, tàbí kí a lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe èyí pẹ̀lú èrò ibi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí a ti sọ nípa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pàdánù agbára dídì, abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún un ti ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tí yóò tì í. Okùn tí a dì le kò dá oró dúró. Ẹsẹ̀ ni ó ń pa. Oró kò sì dúró lójú ibi tí a ti lè fi ẹnu fà á.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣebí a ti rí ẹni tí òkúta dúdú wò sàn.” A kò ní kí wọ́n parọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ejò ń ṣán nǹkan bí 5,400,000 ènìyàn lágbàáyé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n láàárín 1,800,000 àti 2,700,000 ni oró wọ̀ lára. Àwọn yòókù, ejò ṣán wọn lásán ni. Nítorí náà, bí a bá to ẹni mẹ́wàá tí ejò ṣán, nǹkan bí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn ni yóò yè bí a tilẹ̀ fi ewé gbígbẹ lásán nu wọ́n lẹ́sẹ̀. Ìyìn wọn ni òkúta dúdú ń gbà. Àwọn yòókù tí oró wọ̀ ni ó ń sanwó rẹ̀. Nínú wọn náà ni 81,000 sí 138,000 ti ń kú lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí ó sì ń di aláàbọ̀ ara tó ìlọ́po mẹ́ta iye yìí.

A kò pe àwọn oníṣègùn wa ní ọ̀tá. Wọn a máa sún mọ́ àgbẹ̀ ju dókítà lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì ń wọ etí. Bí oníṣègùn kan bá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé, “Èmi yóò gbàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n n kò ní í fi abẹ kàn ọ́, gbéra, máa lọ sí ilé ìwòsàn kí oòrùn tó yí,” ó ti gba ẹ̀mí là. Ohun tí ó tọ́ kí a ṣe kò pọ̀. Kí a fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Kí a bọ́ òrùka, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà kúrò níbi tí ó lè wú. Kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ gbé ẹsẹ̀ tàbí apá náà ró kí ó má ṣe máa mì. Kí a gbé e, kí a má ṣe jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bí ọ̀kadà nìkan ni ó wà, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn láti gbá a mú. Kí a rántí aago tí ejò ṣán an. Kí a má sì ṣe fún un ní aspirin, nítorí pé òun náà ń dín agbára dídì ẹ̀jẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sínú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni ó gbé ètò kalẹ̀ pé kí ikú àti àbùkù ara tí ó ń fà dín kù sí ìdajì kí ọdún 2030 tó parí. Ní ilẹ̀ wa, òfin ìlera ti ọdún 2014 ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ètò ìlera. A kò fi ẹ̀sùn kan ilé ìwòsàn kankan. Ìbéèrè ni a ń bi ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí olú rẹ̀ wà ní Ìkìrun, àti ti Odò-Ọ̀tìn tí olú rẹ̀ wà ní Òkukù tí Ìníṣà sì wà lábẹ́ rẹ̀: bí ejò bá ṣán àgbẹ̀ kan ní alẹ́ òní, ṣé ó mọ ibi tí aporó wà? Ṣé ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lò?

A mọ ohun tí wọn yóò fi dáhùn. Aporó wọ́n, owó rẹ̀ sì kọjá agbára àgbẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ olómi ń fẹ́ fìríìjì, iná kò sì dúró. Ó ní ọjọ́ tí ó ń bàjẹ́. Ó sì lè bínú sí ara ẹlòmíràn, nítorí náà kò yẹ kí a gún un níbi tí kò ti sí oògùn tí yóò dá ìbínú náà dúró. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ìdí rẹ̀ gan-an ni a kò fi ní kí a kó aporó sí gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé.

Àwọn baba wa sọ pé àìrìnpọ̀ ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Nínú oró, àwọn ẹ́ńsáìmù ti mọ àṣírí yìí: ọ̀kan ń tan ọmọ ogun jáde, èkejì ń da odi wó. Àwa tí a fẹ́ ṣẹ́gun wọn ni a kò tíì mọ̀ ọ́n rìn pọ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pawọ́ pọ̀ ra aporó fún àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n kó o sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ṣoṣo láàárín wọn, níbi tí dókítà wà tí fìríìjì rẹ̀ kì í sì í kú. Ọ̀nà kan ni ó so wọ́n pọ̀; ohun tí kò pẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ìlú mẹ́ta ń lò ó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ìlú kan. Èkejì, kí ìgò gíláàsì àti ẹni tí a kọ́ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, tọ̀sán-tòru. Ìgò kò wọ́n. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dì, kí a gbé e lọ láìdúró. Ẹni tí tirẹ̀ bá dì, kí a máa ṣọ́ ọ, bí wíwú bá sì ń gùn ún lára tàbí èémí rẹ̀ yí padà, kí a má ṣe dúró de ìgò. Ẹ̀kẹta, kí ìwé kan wà tí a ó máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí: irú ejò bí a bá mọ̀ ọ́n, aago tí ó ṣán, aago tí aláìsàn dé, àti bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ìwé yìí ni yóò sọ irú aporó tí ó yẹ kí a rà ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀kẹrin, kí owó oògùn náà má ṣe jẹ́ ti aláìsàn nìkan. Ẹni tí ó lọ gbin ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni ejò ṣán.

Fún ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bàtà rọ́bà ní ẹsẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ní alẹ́, igi gígùn láti fi tú ewé ká kí a tó kí ọwọ́ bọ̀ ọ́, àyíká àká tí a ro mọ́ kí eku má ṣe fi ṣe ilé: ìwọ̀nyí ti dá ọ̀pọ̀ ejò padà lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kì í dí gbogbo ihò. Ọjọ́ kan lè wà tí ẹsẹ̀ yóò ṣèèṣì.

Ní ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún yóò máa ná ìṣúra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Kò ní í mọ ààlà Ìfẹ́lódùn yàtọ̀ sí ti Odò-Ọ̀tìn, kò sì ní í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé, a fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àwọn alága méjèèjì orúkọ ilé ìwòsàn náà àti iye aporó tí ó wà níbẹ̀, kí a lè kéde rẹ̀ ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì.